Ìròpọ̀ àti Ìyọkúrò Gbòǹgbò Alágbáraméjì nínú Ìtàn Áljẹ́brà

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàrin akẹ́kọ̀ọ́: wọn a máa kọ ọ́ pé √2 + √8 = √10. Ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìdáhùn tipẹ́ kí Christoff Rudolff tó lo àmì √ nínú ìwé rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1525. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, al-Karaji, ọmọwé Baghdad, ti fi hàn pé √8 + √18 = √50, bí a ti ń kọ ọ́ lónìí.

Ní Íńdíà, Bhaskara lo 2 àti 8 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nínú Bijaganita (1150). Bí a bá ro wọ́n pọ̀, yóò di 10. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, yóò di 16. Gbòǹgbò rẹ̀ ni 4, ìlọ́po méjì 4 sì jẹ́ 8. Bí a bá fi 8 kún 10, àròpọ̀ gbòǹgbò méjèèjì ni √18. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 10, ìyókù ni √2. Mẹ́jọ yìí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé, òfin "gbòǹgbò tó bára mu" tí à ń kọ́ wọn (ó wúlò o) kò sì fi í hàn wọ́n.

Ti 3 àti 7 ńkọ́? Gbòǹgbò 21 kì í ṣe odidi nọ́ńbà. Bhaskara kò fipá pa wọ́n pọ̀. Ó kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.