Òdòdó Ojú Ọ̀nà Kùmásì

Ní ọdún 1993, Jack Goody, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí bí ọmọ aráyé ṣe ń lo òdòdó. Ìbéèrè tó fi ṣí ìwé náà ni pé ṣé òdòdó tilẹ̀ wà nílẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé igi ilẹ̀ wa ń tanná. Ohun tó ń wí ni pé a kì í sábà fi òdòdó bọ òrìṣà, a kì í so ó mọ́ ọrùn bíi ti àwọn ará Íńdíà, a kì í dìídì gbìn ín nítorí ẹwà, ó sì ṣọ̀wọ́n lára iṣẹ́ ọnà wa. Lójú tirẹ̀, ibi tí ẹran ti ń fa ohun ìtúlẹ̀, tí ọlọ́lá sì wà tó lè ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun tí ẹnu kò ní í jẹ, ni òdòdó ti ń di àṣà. Òkèèrè kọ́ ni Goody ti ń sọ̀rọ̀; ó ti gbé láàárín àwọn LoDagaa ní ìhà àríwá Gánà, ó sì mọ ohun tó rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kùmásì, ìlú àwọn Aṣánté, ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn. Ìlú yẹn ní ọba, ó ní ọlọ́lá, ó ní alágbẹ̀dẹ wúrà, síbẹ̀ kò sọ òdòdó jíjá di àṣà. Bí ọrọ̀ àti ipò kò bá wọ́n níbẹ̀, a jẹ́ pé ohun mìíràn ló fà á, èmi sì gbà pé igbó ni.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tó ti etí òkun lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1817, Thomas Edward Bowdich, aṣojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra ní Cape Coast, wọ́n sì wọ Kùmásì ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún. Nítòsí òkun, igbó kúkúrú ló wà, òdòdó sì ń bẹ ní ìwọ̀n ojú ẹni tó ń rìn. Bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ odò Pra, igbó kìjikìji ni. Igi á ga, orí wọn á pàdé lókè, òkè yẹn náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń tanná, níbi tí kòkòrò àti àdán ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í rí òdòdó lórí ẹ̀ka. Ilẹ̀ ló ti ń bá a, nígbà tó bá ti já bọ́ sójú ọ̀nà. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ já?

Òrúrù yàtọ̀, nítorí etí igbó àti oko àpatì ló ń gbé, gbogbo ojú ló sì ń rí i. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí iná, ìgbátí rẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìrudi rẹ̀ tẹ̀ bí èékánná ẹranko, omi ló sì kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa gé e ní ṣóńṣó, wọn a fún un, omi á tú sí ara ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọdún 1787 ni àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní etíkun Gánà. Palisot de Beauvois, onímọ̀ ewéko ará Faransé tó ti dé Bìní àti agbègbè Warri, ló fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pè é. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbìn ín sí ojú títì káàkiri ilẹ̀ olóoru, títí tó fi di igi tó ń yọ àwọn ará Hawaii lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó ń fi ìrudi rẹ̀ ṣeré ti ń gbádùn òdòdó. Ṣùgbọ́n irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú ìkòkò òdòdó, kì í sì í dé orí pẹpẹ, nítorí náà kò sí ẹni tó máa kà á.

Mo gbà pé ẹ̀rí kan wà tó ń gbe Goody. Aṣọ adinkra tí Bowdich gbà ní 1817 ṣì wà ní British Museum, kò sì sí òdòdó lára rẹ̀. Nínú àwọn àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ ní Ntonso, lẹ́bàá Kùmásì, èso igi àrèrè wà níbẹ̀, obì gbànja wà níbẹ̀, ewéko tó ń hù lára ọ̀pẹ tí kì í tanná láéláé náà wà níbẹ̀. Èèpo igi ni wọ́n ń sè fún aró dúdú tí wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n. Nígbà ìwẹ̀nùmọ́, ewé adwera, ìyẹn pápásan tiwa, ni wọ́n ń rì bọ omi láti fi wọ́n nǹkan. Ohun tí mo rí nínú gbogbo èyí ni pé àwọn èèyàn yìí yan ewé, èso àti èèpo. Ohun tó ń pẹ́ ni wọ́n yàn. Àwọn tó ń rọ òṣùwọ̀n wúrà a máa fi amọ̀ àti èédú bo ẹ̀pà tàbí kòkòrò gidi, wọn a sun ún títí ohun inú rẹ̀ fi jó tán, wọn a wá da idẹ sí àyè rẹ̀, gbogbo ìlà ara ẹ̀pà náà á sì hàn. Ẹni tó lè wo ẹ̀pà ní irú àwòfín bẹ́ẹ̀ kò lè fọ́jú sí òdòdó.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìlò ni gbogbo èyí, kì í ṣe ìfẹ́ ẹwà. Pé Òyìnbó ló kọ́ Kùmásì ní ọgbà. Lóòótọ́, Maxwell Fry ló ya àwòrán ètò ìlú náà ní 1945, ètò yẹn sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n máa pè é ní ìlú ọlọ́gbà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n Bowdich ti bá òpópónà gbígbòòrò àti igi ńlá tí èèyàn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 128 ṣáájú. Ìtàn tí àwọn Aṣánté fúnra wọn sì ń sọ ni pé igi tí àlùfáà wọn, Ọ̀kọ́mfò Anokye, gbìn, tó sì yè, ló fún ìlú náà lórúkọ. Ohun tí ìjọba amúnisìn fi kún un ni òdòdó àjèjì: panṣẹ́kẹ́ láti Madagascar, bougainvillea láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹwà wọn kò kéré, n kò sì bínú sí wọn. Èyí tí n kò gbà ni kí a fi ọjọ́ tí wọ́n dé ṣe ọjọ́ tí ojú ará Kùmásì là sí ẹwà.

Àtakò tó le jù lọ ni ti igbó fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ló dé tó fi run? Kòkó jẹ lára rẹ̀, pákó jẹ lára rẹ̀. Àrèrè tí èso rẹ̀ wà lára aṣọ ni wọ́n gé kó lọ sí Yúróòpù. Àwọn tó ń ra pákó yẹn ní ọgbà òdòdó lẹ́yìnkùlé wọn, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí òdòdó kò sì dá igi kan sí fún wa. Igbó Bobiri, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1939 lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Kùmásì lọ sí Accra, wà lára ìwọ̀nba ibi tí arìnrìn-àjò ṣì ti lè bá labalábá lójú ọ̀nà, kó sì tẹ òdòdó tó já láti òkè tí ojú kò tó.