Ìtàn Tó Wà Lára Àwọ̀ Màlúù

Bí olùkọ́ kan ní Apakun, ní agbègbè Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya màlúù, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ wọn ya ẹran funfun gíga, tó ní iké léjìká àti ìwo gígùn. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí irú màlúù bẹ́ẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹran yìí kọ́ ni igbó gúúsù kọ́kọ́ mọ̀.

Màlúù àtijọ́ tó ń gbé inú igbó kúrú, kò ní iké, ìwo rẹ̀ kò sì gùn. Mútúrù ni àwọn Haúsá ń pè é. Dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ dúdú alámì funfun, bí ìgbà tí wọ́n da ẹfun sí wọn lára. Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland tó gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ Yorùbá ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, kíyè sí i pé kékeré ni màlúù etí òkun, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe ń sún mọ́ Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n ń tóbi sí i, tí wọ́n sì ní iké. Eṣinṣin tsetse ló pa ààlà náà. Àrùn tí ó ń tàn kálẹ̀ a máa pa màlúù tó ní iké, ṣùgbọ́n Mútúrù lè fara dà á.

Ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní darandaran ni màlúù funfun ti wá. Daneeji, ìyẹn àwọn funfun, ni wọ́n ń pè é. Bunaji ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn Haúsá. Funfun ni irun ara rẹ̀, ṣùgbọ́n etí, imú, àyíká ojú àti pátákò rẹ̀ dúdú. Bí wọ́n bá fá irun náà, awọ dúdú ni wọn yóò bá lábẹ́ rẹ̀. Irun funfun ń dá ooru padà, awọ dúdú sì ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Bodeeji, ìyẹn àwọn pupa, tí wọ́n tún ń pè ní Rahaji, pọ́n bí osùn. Ọ̀rinrin gúúsù kò bá a lára mu. Gudali ti Sókótó jẹ́ aláwọ̀ eérú tàbí funfun rẹ́súrẹ́sú, ìwo rẹ̀ kúrú, awọ ọrùn rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀.

Níbi tí màlúù igbó àti ti ọ̀dàn ti pàdé ní ilẹ̀ Bọ̀rgú, ẹ̀yà Kétékù ni wọ́n bí: òmíràn funfun, òmíràn dúdú, òmíràn eléérú, òmíràn adíkálà. N'Dama, tí kò ní iké, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dà bí iyanrìn tútù, wá láti òkè Fouta Djallon ní Guinea. Wọ́n sìn ín ní Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́, nítorí òun náà lè fara da àrùn eṣinṣin yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀yà màlúù gbọ́dọ̀ wo iké àti ìwo rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀. Kì í ṣe àwọ̀ dúdú ló ń gba Mútúrù là, bí kò ṣe ohun tó jogún.

Ojú irin ló yí ọ̀ràn padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti Èkó ní 1896, ó sì so Èkó pọ̀ mọ́ Kano ní 1912. Oṣòdì ni ó gbà kọjá. Màlúù òkè ọya kò ní láti gbé inú igbó mọ́; ọjọ́ díẹ̀ ni yóò lò lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọwọ́ alápatà. Ọkọ̀ ẹrù ló gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà. Nínú ìkànìyàn ẹran ọ̀sìn ọdún 1990, nǹkan bí mílíọ̀nù 13.9 màlúù ló wà ní Nàìjíríà. Bunaji tó nǹkan bí 37 nínú 100. Díẹ̀ kíún ni Mútúrù. Ẹran ńlá ni ọjà ń fẹ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Inú ẹ̀jẹ̀ Mútúrù ni Olúwa fi ààbò lọ́wọ́ eṣinṣin sí. Bí ẹran dúdú kékeré náà bá tán nílẹ̀, kò sí ọjà tí wọn yóò ti rí ààbò bẹ́ẹ̀ rà.