Ìmọ́lẹ̀ Àìrí àti Yìnyín Àárín Ìràwọ̀

Àwọn àgbà ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí rí.

Ní ọdún 1801, ní ìlú Jena ní ilẹ̀ Jámánì, Johann Wilhelm Ritter fi gíláàsì ya ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ti òṣùmàrè, ó sì tẹ́ ìwé tí a fi iyọ̀ fàdákà pa sí ibi tí wọ́n tàn sí. Ibi tí ó kọjá àwọ̀ elésè-àlùkò, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ni ìwé náà ti tètè dúdú jù lọ. Báyìí ni a ṣe mọ ìmọ́lẹ̀ àìrí tí ó lágbára láti tú ohun tí ó so pọ̀ ká.

Irú ìmọ́lẹ̀ yìí ń ti ara àwọn ìràwọ̀ wá pẹ̀lú. Ìkùukùu eruku sì wà láàrin wọn, tí yìnyín omi, amóníà àti mẹ́tánọ́ọ̀lù bo eruku rẹ̀. Láàrin ọdún 1970 sí 1979, Mayo Greenberg dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, láti ṣe irú yìnyín bẹ́ẹ̀, èyí tí òtútù rẹ̀ tó bí ìwọ̀n 263 nísàlẹ̀ òdo.

Ní ọdún 2001, Pascale Ehrenfreund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe sí gláísíìnì, ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì àmínò tí ń bẹ lára ohun alààyè, nínú yìnyín. Ó ń fọ́ ọ. Kábọ̀n dáyọ́ksáìdì a máa ya kúrò lára rẹ̀. Ohun tí ó kù kì í sì í ṣe gláísíìnì mọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Yúróòpù, tan ìmọ́lẹ̀ kan náà sí yìnyín tí kò ní ásíìdì àmínò kankan nínú. Nígbà tí wọ́n fi omi ásíìdì tú ohun tí ó ṣẹ́kù, wọ́n bá gláísíìnì níbẹ̀! Ọwọ́ tí ń kọ́lé náà ni ó ń wó o.

Ta wá ni onílé tí kò gbà? Eruku tí ó ki nínú ìkùukùu ni, àti òkúta tàbí yìnyín tí ó nípọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà kì í wọ inú wọn jìnnà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, òkúta jábọ́ láti ojú ọ̀run sí Murchison ní Ọsirélíà. A bá ásíìdì àmínò nínú rẹ̀. Ní ọdún 2016, a kéde pé ọkọ̀ Rosetta rí gláísíìnì ní àyíká ìràwọ̀ onírù 67P.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń wádìí orísun ìyè má ṣe béèrè bí a ti ṣẹ̀dá àwọn nǹkan wọ̀nyí nìkan. Kí ó béèrè ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí pẹ̀lú.