Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Bí Báńkì Bá Ti Àkáǹtì Yín Pa Láìròtẹ́lẹ̀

Àgbẹ̀ tó ta àgbàdo ní Ṣakí tàbí ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn lè fi káàdì sẹ́nu ẹ̀rọ ATM kí ẹ̀rọ náà kọ̀ láti sanwó, nígbà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àkáǹtì. Èyí kò túmọ̀ sí pé owó náà ti ṣègbé. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó fà á.

Àwọn ohun tó lè fà á

Àìsí BVN tàbí NIN: Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2024, kí àwọn báńkì dá ìgbowó dúró lórí àkáǹtì tí kò bá ní ọ̀kankan nínú nọ́ńbà méjèèjì.

Àìlò: Àkáǹtì tí ẹni tó ni ín kò lò fún ìgbà pípẹ́ lè di èyí tí báńkì dá dúró. Bí ó bá pé ọdún 10, owó inú rẹ̀ yóò bọ́ sí ìkáwọ́ CBN, ṣùgbọ́n olówó tàbí àrólé rẹ̀ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á.

Ìfura jìbìtì tàbí àṣẹ ilé ẹjọ́: Báńkì lè dá owó dúró títí ìwádìí yóò fi parí.

Ìpàdánù ìwé àṣẹ báńkì: Èyí ṣẹlẹ̀ sí Heritage Bank ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Irú ọ̀ràn báyìí di ti àjọ NDIC, tó ń dójútòfò owó oníbàárà: títí dé ₦5,000,000 ní báńkì ńlá, àti ₦2,000,000 ní báńkì alábọ́ọ́dé.

Ìgbésẹ̀ tí ẹ ó gbé

1. Ẹ lọ sí ẹ̀ka báńkì yín fúnra yín. Ẹ mú ìwé NIN, káàdì, àti fóònù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ dání. Bí ẹ bá ti gbàgbé BVN yín, ẹ tẹ *565*0# lórí fóònù náà. Wọn yóò yọ owó díẹ̀.

2. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ti àkáǹtì náà, ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn.

3. Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín kí wọ́n má ṣe sanwó sínú àkáǹtì náà mọ́ títí yóò fi ṣí.

4. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn àti déètì gbogbo ìgbésẹ̀ yín kún un.

Ìkìlọ̀

Báńkì kì í béèrè PIN tàbí nọ́ńbà ìjẹ́rìí tó wọlé sórí fóònù yín. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun fẹ́ ṣí àkáǹtì yín, tó sì béèrè wọn, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má ṣe fi káàdì àti PIN sílẹ̀ fún oní-POS tàbí aládùúgbò, bó ti wù kí báńkì jìnnà sí abúlé yín tó.