Láti Orí Okùn Dé Orí Lésà: Ìtàn Irinṣẹ́ Ìwọ̀n àti Ààbò Ojú Ẹni Tó Ń Lò Ó

Ẹ̀rọ lésà ìwọ̀n jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí kò tóbi ju fóònù alágbèéká lọ. Oníṣẹ́ á fi ọwọ́ kan dì í mú, á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, àmì pupa róbótó á hàn lára ògiri tó wà ní ọ̀ọ́kán, iye jíjìn ibẹ̀ á sì yọ lójú ẹ̀rọ kíákíá. Àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù, àwọn onítáìsì, àwọn káfíńtà àti àwọn ayàwòrán ilé wà lára àwọn tó ń lò ó, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ tí ẹni méjì ń fi téèpù ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Omifunfun ṣe àpẹẹrẹ ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń lọ. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, tí Òrè jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilẹ̀ igbó ni agbègbè náà, ilẹ̀ kòkó, ọ̀pẹ àti pákó. Òrè ni òpópónà Ṣàgámù sí Benin ti pàdé ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Níbi tí oko ti ń di ilé, tí igi ti ń di pákó, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í wọn nǹkan. Gbogbo irinṣẹ́ ìwọ̀n tí a ti lò rí ló sì ní ọ̀nà tó fi lè tan ènìyàn jẹ, àti ọ̀nà tó fi lè pa á lára. Àwọn baba wa mọ ti okùn, àwọn awọnlẹ̀ mọ ti ṣéènì. Ó kù kí àwa náà mọ ti lésà.

Ẹsẹ̀, ebè àti okùn

Kí irinṣẹ́ òyìnbó tó dé, ara ènìyàn ni òṣùwọ̀n. Ìka, àtẹ́lẹwọ́, ìgbọ̀nwọ́ àti ìṣísẹ̀ ni a fi ń díwọ̀n ohun tó bá wà nílẹ̀. Iye ebè tí alágbàṣe kọ ni a fi ń mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó. Ní ti ààlà, pèrègún ni a ń gbìn, nítorí kì í tètè kú, ó sì yàtọ̀ sí igi igbó lójú ẹni tó bá ń kọjá. Àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ni ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Oǹdó, okùn àti èèkàn di irinṣẹ́ pàtàkì. Ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ẹsẹ̀ bàtà 10, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 3, ni àlàfo tí a gbà níyànjú láàárín igi kòkó kan sí èkejì. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ kí igi rẹ̀ tò gbọọrọ á na okùn, á sì kan èèkàn mọ́lẹ̀ bí okùn ṣe wí.

Àlébù okùn kò fara sin. Bí a bá fà á jù, á gùn sí i. Bí òjò bá pa okùn tí a fi ohun ọ̀gbìn lọ́, á sún kì. Ìṣísẹ̀ ẹni gíga kì í sì í ṣe ìṣísẹ̀ ẹni kúkúrú. Ìdí nìyí tó fi dára kí ará ìhà kìíní àti ará ìhà kejì jọ di orí okùn méjèèjì mú nígbà tí a bá ń wọn ààlà. Ẹlẹ́rìí ló ń dí àlàfo tí irinṣẹ́ bá fi sílẹ̀.

Ṣéènì wọ inú igbó

Ní ọdún 1620 ni Edmund Gunter, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ṣéènì ìwọnlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ bàtà 66 ni gígùn rẹ̀, ìyẹn mítà 20.12, oríkèé irin 100 ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣéènì 80 ló ń jẹ́ máìlì 1. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ṣéènì 1, tó sì gùn ní ṣéènì 10, ni a ń pè ní éékà kan. Òṣùwọ̀n yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kiri àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso.

Lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì ni Herbert Macaulay, tí a bí ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864. Ó lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1890 láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé àti ìwọnlẹ̀, ó padà dé ní ọdún 1893, ìjọba sì fi í ṣe awọnlẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ.

Ní ilẹ̀ Odìgbó, igbó ọba Olúwa, igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, fi hàn bí iṣẹ́ awọnlẹ̀ ṣe le tó. A kò lè ya igbó sọ́tọ̀ láìla ojú ààlà rẹ̀. Ẹni tó ń la ojú ààlà nínú igbó kìjikìji gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ejò lẹ́sẹ̀, fún ẹ̀ka igi tó lè gún un lójú, àti fún àdá ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ṣéènì fúnra rẹ̀ náà ń tan ènìyàn: oòrùn á mú kó gùn, ìwúwo ara rẹ̀ á mú kó sọ̀ láàárín, ojú oríkèé rẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ fi ń gbé ṣéènì rẹ̀ lọ bá òṣùwọ̀n tí a mọ̀ dájú, kí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwà yìí wúlò títí di òní.

Téèpù, ẹsẹ̀ bàtà àti mítà

Téèpù aláṣọ àti téèpù onírin ló gba ipò ṣéènì lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà àti káfíńtà. Téèpù àti okùn náà ni wọ́n fi ń mú igun ilé tọ́: ẹsẹ̀ bàtà 3 ní apá kan, 4 ní apá kejì, bí ìdábùú àárín wọn bá sì jẹ́ 5 géérégé, igun náà ti pé.

Òfin òṣùwọ̀n ti ọdún 1974 sọ mítà di òṣùwọ̀n tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà kò kúrò lẹ́nu ará ìlú. Pílọ́ọ̀tì 50 sí 100 ni a ṣì ń dárúkọ, pákó sì wà tí a ń fi ínṣì àti ẹsẹ̀ bàtà pè. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹsẹ̀ bàtà 50 jẹ́ mítà 15.24, 100 jẹ́ mítà 30.48. Bí ìwé bá wá kọ mítà 15 sí mítà 30, sẹ̀ǹtímítà 24 ti lọ ní ìbú, sẹ̀ǹtímítà 48 sì ti lọ ní gígùn. Ẹ̀rọ lésà lè fi mítà hàn, ó sì lè fi ẹsẹ̀ bàtà hàn. Ẹni tí kò bá wo èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ lè fi owó ara rẹ̀ ra ẹjọ́.

Ohun mìíràn tún yí padà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, òfin ọdún 1989 sì dá SURCON, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ awọnlẹ̀, sílẹ̀. Awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àjọ yìí nìkan ni ìwé àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ lè dúró níwájú òfin. Lésà àfọwọ́mú dára fún yàrá, ògiri àti ojú wíńdò. Kì í ṣe òun ni a fi ń rì òkúta ààlà.

Ìmọ́lẹ̀ di òṣùwọ̀n

Ní àwọn ọdún 1940, Erik Bergstrand, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ń wádìí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára tó. Inú iṣẹ́ náà ni ẹ̀rọ Geodimeter ti jáde: bí a bá mọ eré ìmọ́lẹ̀, tí a sì mọ àkókò tó lò ní àlọ àti àbọ̀, a ti mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Ní Áfíríkà tiwa, Trevor Wadley ní South Africa fi ìgbì rédíò ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀rọ Tellurometer rẹ̀ jáde ní ọdún 1957, àwọn awọnlẹ̀ sì fi ń wọn ọ̀pọ̀ kìlómítà láti orí òkè kan sí èkejì láìna ṣéènì rárá.

Lésà dé ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, nígbà tí Theodore Maiman tan èyí àkọ́kọ́ ní ilé ìwádìí Hughes ní Malibu, Amẹ́ríkà. Ìmọ́lẹ̀ lésà ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ó ń lọ tààrà, kì í sì í tètè fọ́n ká bí ti tọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà rí i ṣe lára èérún kékeré bíi ti inú rédíò, ìyẹn ló sì ṣí ọ̀nà fún lésà tí a lè fi ọwọ́ mú. Ní oṣù Keje ọdún 1969, àwọn tó wọ ọkọ̀ Apollo 11 fi dígí pàtàkì kan sílẹ̀ lójú òṣùpá. Àwọn onímọ̀ ta lésà sí i láti ayé, ó ta padà, wọ́n sì wọn ọ̀nà tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 384,400. Ní ọdún 1983, gbogbo ayé fẹnu kò pé mítà kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rìn nínú ìdá kan nínú 299,792,458 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ọjọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ gan-an ni òṣùwọ̀n.

Ọdún 1993 ni ilé iṣẹ́ Leica ti Switzerland gbé DISTO jáde, lésà ìwọ̀n àfọwọ́mú àkọ́kọ́ tó dé ọjà. Ó wọ́n nígbà náà. Lẹ́yìn náà, Bosch àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe tiwọn, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ títí oníṣẹ́ ọwọ́ fi lè rà á.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ó ṣe ń tan ni jẹ

Ẹ̀rọ náà ń ta ìtànṣán pupa jáde, ó sì ń mú kí agbára ìtànṣán náà máa ròkè ròdò ní ìwọ̀n tó yára gan-an. Nígbà tí èyí tó ta lu ògiri bá padà, ẹ̀rọ á fi ìròkè-ròdò rẹ̀ wé èyí tó ń jáde lọ, ìyàtọ̀ àárín wọn ló sì fi ń ṣírò jíjìn. Púpọ̀ nínú wọn ń wọn mítà 30 sí 100, àṣìṣe wọn kì í sì í ju nǹkan bíi mílímítà 2 lọ bí ohun gbogbo bá tọ́.

Ohun gbogbo kì í fìgbà gbogbo tọ́. Ìtànṣán lè gba inú gíláàsì kọjá, ó lè ta dànù lára dígí tàbí omi, ara ohun dúdú sì lè gbé e mì. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ojú kì í rí àmì pupa náà dáadáa. Ó sàn kí a wọ̀n ní kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, tàbí kí a gbé pákó funfun síbi tí ìtànṣán yóò bà. Ẹ̀rọ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti ìdí rẹ̀ tàbí láti iwájú rẹ̀. Bí a bá gbé ìdí rẹ̀ ti ògiri, tí a sì ti yí ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n sí iwájú, gígùn ẹ̀rọ náà ti sọnù nínú ìwọ̀n, wíńdò tí a bá gé kò sì ní bá ojú ihò rẹ̀ mu.

Òfin tó dáàbò bo ojú

Kò pẹ́ tí lésà dé tí àwọn onímọ̀ fi rí i pé ó lè jó ojú. Awò tó wà nínú ẹyinjú ń kó ìtànṣán jọ sí ojú kan tíńtín lára awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán. Awọ náà kì í mọ ìrora, nítorí náà ènìyàn lè fara pa kó má tètè mọ̀, ibi tó bá sì jó níbẹ̀ lè má sàn mọ́. Ní ọdún 1976, òfin Amẹ́ríkà lórí àwọn tó ń ṣe lésà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1984, àjọ àgbáyé IEC, tó ń ṣe ìlànà fún ohun èlò oníná, gbé ìlànà tirẹ̀ jáde, òun ló sì bí ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé lónìí.

Ìlànà náà pín lésà sí kíláàsì. Kíláàsì 1 kò léwu bí a bá lò ó bó ṣe yẹ; kíláàsì 4 lè jó awọ ara, ó sì lè dáná. Ọ̀pọ̀ lésà ìwọ̀n àfọwọ́mú wà ní kíláàsì 2. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí ni, agbára rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju mílíwáàtì 1 lọ. Ohun tó mú kí a gbà pé kò léwu ni pé bí ìtànṣán bá bá ènìyàn lójú, á ṣẹ́jú, á sì yíjú láàárín ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ṣe ìdajì ààbò, ìpéǹpéjú ẹni tó ń lò ó ṣe ìdajì tó kù. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹjú mọ́ ìtànṣán náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìdajì tirẹ̀ kúrò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí a ṣe ń lò ó lórí iṣẹ́

Kí a tó rà á, ẹ jẹ́ ká wo àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀ àti ibi tí a kọ kíláàsì sí. Èyí tí kò bá ní àmì, ẹ má rà á. Lésà olówó pọ́ọ́kú wà tí agbára rẹ̀ ju ohun tí a kọ sí i lára lọ.

Bí a bá ń wọ̀n, kí ìtànṣán má ṣe wà ní ọ̀gangan ojú ẹnikẹ́ni, kí a sì sọ fún àwọn tó wà nítòsí kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ṣọ́ra fún dígí àti irin dídán, nítorí ìtànṣán tó ta padà lára wọn náà lè bá ojú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi awò tó ń fa ohun jíjìn sún mọ́ni tàbí awò ẹ̀rọ awọnlẹ̀ wo ojú ibi tí ìtànṣán ti ń jáde. Awò pupa tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ àwọn kan nínú ẹ̀rọ náà kì í dáàbò bo ojú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí àmì pupa lè hàn kedere nínú oòrùn.

Ẹni tó ń kọ́lé sí ẹ̀bá òpópónà Ṣàgámù sí Benin kò gbọ́dọ̀ na lésà sí ojú títì, pàápàá lálẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí kò lè fọ́ awakọ̀ lójú lè mú kó má ríran fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ìyẹn sì ti tó láti mú kí ọkọ̀ àjàgbé ní jàǹbá. A kò gbọ́dọ̀ na án sí ọkọ̀ òfuurufú náà. Ẹ má fi fún ọmọdé ṣeré, ẹ má tú u wò, ẹ má fi sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, nítorí ooru ń ba bátìrì jẹ́. Ẹni tó wà lórí àkàbà tàbí létí dẹ́kìn, kó dúró ṣinṣin kó tó wo ojú ẹ̀rọ. Èsì tó yọ kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá yẹ̀ lè gbé ènìyàn ṣubú.

Ọ̀rọ̀ mi kù sọ́dọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ní Omifunfun, ní Òrè àti ní gbogbo Odìgbó. Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ yìí lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi àmì kíláàsì rẹ̀ hàn án, ẹ sọ ohun tó lè ṣe fún ojú, ẹ sì jẹ́ kó fi téèpù onírin wọn ibì kan náà láti yẹ ẹ̀rọ wò. Èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu kí ẹnikẹ́ni tó gé pákó tàbí wíńdò. Ìwọ̀n tó bá kùnà, owó lè tún un ṣe. Ojú tó bá fọ́ kò ní àtúnṣe.