Ibi Ìgúnlẹ̀ Ọkọ̀ Ńlá ní Èkó: Ọ̀rọ̀ Onílẹ̀ Àpápá

Ìfáárà

Ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi kékeré kò ní ìṣòro èbúté. Etí omi tó bá wù ú ni yóò fà á sí, yóò so ó mọ́ òpó, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ti ọkọ̀ ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ omi tó jìn tí ìdí rẹ̀ kò fi ní í kan ilẹ̀. Ó ń fẹ́ etí omi gígùn tí yóò fara tì. Ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìn etí omi náà. Ọ̀rọ̀ omi ló sábà máa ń gbilẹ̀ nínú ìtàn èbúté Èkó. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ ni ìjà tó le jù ti wáyé.

Òkìtì Ẹnu Ọ̀sà

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, etí ọ̀sà tí a mọ̀ sí Màrínà ni àwọn oníṣòwò ńláńlá tẹ̀dó sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ní èbúté tiwọn níwájú ilé ìtajà wọn. Ṣùgbọ́n èbúté aládàáni wọ̀nyí kò wúlò fún ọkọ̀ ńlá, nítorí pé òkìtì iyanrìn kan dábùú ẹnu ọ̀sà lábẹ́ omi. Ojú òkun ni ọkọ̀ tó bá wúwo máa ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké yóò sì lọ já ẹrù rẹ̀ láàárín ìgbì. Ọ̀pọ̀ ẹrù ni wọ́n ń gbé gba Forcados kí ó tó dé Èkó.

Agbára oníṣòwò kankan kò ká òkìtì yìí. Ìjọba ló dáwọ́ lé e. Láti 1907 ni ẹ̀rọ ti ń wa iyanrìn náà, tí wọ́n sì ń to òkúta wọ inú òkun lọ́tùn-ún lósì, kí omi lè máa fi agbára ara rẹ̀ gbá ọ̀nà mọ́. Nígbà tí yóò fi di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé.

Ẹjọ́ Olúwa

Ọ̀nà là tán, ó ku ibi ìgúnlẹ̀. Àpápá ló yẹ: omi jíjìn wà nítòsí rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì lè débẹ̀ láì wọ erékùsù Èkó. Ṣùgbọ́n Àpápá kì í ṣe ilẹ̀ aláìní. Abẹ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí í ṣe olóyè onílẹ̀, ni ó wà. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ tó tó éékà 255 níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú dé ilé ẹjọ́, ìdájọ́ tí wọ́n dá ní Èkó ni pé olóyè náà ní ẹ̀tọ́ sí àkóso àti ìṣákọ́lẹ̀, pé kò lè gba owó bí onílẹ̀.

Olúwa kò gbà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba níbẹ̀ yí ìdájọ́ Èkó padà. Wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ tí Olúwa ń ṣojú fún, pé yíyí tí ìjọba yí padà kò pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́, pé owó onílẹ̀ ni kí wọ́n san. £22,500 ni wọ́n san.

Àkíyèsí pàtàkì kan wà níhìn-ín. Ilé ẹjọ́ kò dá ilẹ̀ náà padà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí iṣẹ́ ìlú dúró. Ohun tí Olúwa gbà ni ìjẹ́wọ́ pé onílẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìṣẹ́gun náà kò sì wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó tí Macaulay mú dání lọ sí Lọ́ńdọ̀nù dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọba náà àti ìjọba. Ní 1925, wọ́n rọ Elékòó lóyè, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Ọdún 1931 ni ó tó padà.

Ibi Ìgúnlẹ̀ ní Àpápá

Ọdún tí ẹjọ́ náà parí gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté Àpápá. Nígbà tó parí ní 1926, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,800, ọkọ̀ mẹ́rin sì lè fara tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, ààyè kò tó mọ́. Ní 1975, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti ra símẹ́ńtì tó tó ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun, bí ìgbà tí òkìtì iyanrìn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977. Ní 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àkóso èbúté lé àwọn aládàáni lọ́wọ́; ní 2023, wọ́n ṣí ti Lẹ́kkí, tí ìjọba àti aládàáni jùmọ̀ ni.

Ìkádìí

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìtàn Àpápá fi hàn pé ẹ̀rọ lè wa iyanrìn, kí omi sì jìn. Kò lè wa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ kúrò. Aládàáni ni, ìjọba ni, ẹni tó bá ń wá ibi ìgúnlẹ̀ fún ọkọ̀ ńlá yóò wọn omi, yóò sì béèrè ẹni tó ni etí omi. Ìbéèrè kejì yìí ni ìjọba fojú di ní 1913, òun náà ni Olúwa gbé dé Lọ́ńdọ̀nù.