Maydān: Ọ̀rọ̀ Tó Ti Pápá Ẹṣin Ọba Bọ́ Sẹ́nu Mẹ̀kúnnù

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó kọ́ Ànábì Ádámà ní orúkọ gbogbo nǹkan. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.  

Nígbà tí rédíò ń ké "Maidan, Maidan" nínú ìròyìn ilẹ̀ Ukraine lọ́dún 2014, àwọn ọmọ kéwú ń bi wá pé ṣé kì í ṣe maydān tí àwọn ń kà nínú ìwé Lárúbáwá nìyẹn. Òun náà ni. Báwo ló wá ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilẹ̀ òtútù lọ́hùn-ún? Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fẹ́ sọ lónìí.

Maydān ni gbàgede ńlá tí wọn kò kọ́lé sí, yálà láàárín ìlú tàbí lẹ́yìn odi. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá máa ń tò ó sábẹ́ māda, yamīdu, èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa mì. Ẹ óò rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú Súúratu Nahl, áàyà 15, níbi tí Ọlọ́hun ti ń sọ̀rọ̀ àwọn òkè tó mú ilẹ̀ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ẹṣin ló ń mì nínú maydān. Ó dùn létí, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ tó ní ará Páṣíà ló ni ọ̀rọ̀ náà lèmi wà. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Al-Jawālīqī ará Bàgídáàdì, tó kú ní 1144, kọ odidi ìwé kan, al-Muʿarrab, lórí àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì tí Lárúbáwá yá lò. Àwa náà ńkọ́? Àlùbọ́sà tí à ń gé sínú ọbẹ̀, al-baṣal Lárúbáwá ni, ọwọ́ Hausa ló gbà wọlé. Ta ló ń bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀?

Ẹṣin ló gbé maydān rìn. Àwọn ọba Páṣíà fẹ́ràn pólò, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá láti orí ẹṣin, eré yẹn sì fẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Ọba tó bá kọ́ eré náà á kọ́ orúkọ pápá rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Ahmad ibn Tulun tẹ ìlú al-Qata'i dó ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 870, ó ṣe maydān sí ẹ̀gbẹ́ ààfin rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Abbasid wó ìlú náà ní 905, mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ni wọn kò fọwọ́ kàn. Ó wà ní Kairo dòní, ẹ̀yin tí ẹ bá débẹ̀ ẹ kírun níbẹ̀. Ní Damáskù, àdúgbò ńlá kan wà tí à ń pè ní al-Midan, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá eré ẹṣin látijọ́, ọ̀nà ibẹ̀ sì ni àwọn alálàájì ń gbà jáde lọ sí Mẹ́kà.

Ní Íńdíà, Qutb al-Din Aibak, ẹrú tí Ọlọ́hun sọ di Súltán Delhi, ń gbá pólò ní Lahore ní 1210 ni ó ṣubú lórí ẹṣin, ó sì kú. Àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ fi èdè Páṣíà ṣe èdè ààfin, bẹ́ẹ̀ ni maidan ṣe wọ ẹnu àwọn ará Íńdíà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì. Yorùbá kò yá ọ̀rọ̀ yìí lò, pápá àti gbàgede ti tó wa. Àmọ́ Yìdì tiwa àti Idgah tiwọn, ọmọ ìyá ni wọ́n: ʿĪd Lárúbáwá ló wà nínú méjèèjì, àwọn ará ibẹ̀ ló fi gāh ti Páṣíà, ìyẹn "ibi", kún un. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gé ilẹ̀ Yìdì tà, ẹ ń gbọ́ wa bí?)

Èyí tó lẹ́wà jù ni ti Isfahan. Shah Abbas sọ ìlú náà di olú-ìlú ní 1598, ó sì la maydān kan sílẹ̀ níbẹ̀, mítà 560 ní gígùn, 160 ní fífẹ̀. Mọ́ṣáláṣí wà ní gúúsù àti ìlà oòrùn rẹ̀, ẹnu ọjà wà ní àríwá, ààfin wà ní ìwọ̀ oòrùn, ọba á jókòó sókè níbẹ̀ máa wòran. Òpó òkúta tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pólò gbà kọjá ṣì dúró síbẹ̀. Ọba, ìjọ́sìn àti òwò, gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀ òfìfo kan náà.

Àwọn Tọ́kì pè é ní meydan. Pápá eré ìje ẹṣin àtijọ́ tí wọ́n bá ní Istanbul, At Meydanı ni wọ́n sọ ọ́, "pápá ẹṣin". Ibi tí àwọn oníjàkadì ti ń fi òróró para jà ní Edirne, Er Meydanı, "pápá ọkùnrin". Wọ́n gbé e wọ Yúróòpù, ó sì ń yí ìwà padà bó ṣe ń lọ. Lẹ́nu àwọn Sábíà, megdan di ibi tí ọkùnrin méjì ti ń bá ara wọn jà. Lẹ́nu àwọn Rùmáníà, maidan di ilẹ̀ tí kò lólówó, débi pé ajá tó ń rìn kiri láìní olúwa, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè é. Swahili ní medani, pápá ogun. Malay ní medan, kódà wọ́n ń lò ó ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì fún agbègbè tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì dé.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ní Tẹhiráànì, maydān kan wà tí wọ́n fi orúkọ Shah sọ, Shahyad. Ní 1979 wọ́n sọ ọ́ di Azadi, "òmìnira". Ní Kairo, Ismailia ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọba Ismail. Lẹ́yìn ìyípadà 1952 ó di Tahrir, "ìtúsílẹ̀". Ní Jakarta, àwọn Dutch ń pè é ní Koningsplein, "gbàgede ọba". Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó di Medan Merdeka, "pápá òmìnira". Ti Mumbai ni Azad Maidan. Ti Kyiv gba orúkọ "Maidan Òmìnira" ní 1991. Ìlú márùn-ún, èdè márùn-ún, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹṣin ọba tẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn so òmìnira mọ́.

Ká má tan ara wa, orúkọ kì í dá òmìnira wá. Ní ọjọ́ 2, oṣù kejì, 2011, tí èrò kún Tahrir, tí wọ́n ń ní kí Mubarak lọ, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gun ẹṣin àti ràkúnmí, wọ́n sì já wọ àárín èrò náà pẹ̀lú pàṣán. Ẹṣin padà sí maydān! Àwọn ará Íjíbítì pe ọjọ́ náà ní Ogun Ràkúnmí, orúkọ tí gbogbo Mùsùlùmí mọ̀ láti ayé Sayyidina Ali àti Sayyidat Aisha. Èrò náà kò tú ká. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Mubarak lọ. Àmọ́ ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, 2013, ní maydān mìíràn ní Kairo kan náà, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Rabia al-Adawiyya, olùjọ́sìn Ọlọ́hun ará Basra, àwọn ológun àti ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn tó jókòó síbẹ̀. Àjọ Human Rights Watch ka òkú tí kò dín ní 817, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n.

Ní Kyiv náà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló kú kí ààrẹ Yanukovych tó sá lọ ní oṣù kejì 2014. Ta ló kọ́kọ́ pè wọ́n jáde? Ọ̀kan nínú wọn ni oníròyìn kan, Mustafa Nayyem, tó kọ ọ́ sórí Facebook ní ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, 2013, pé kí àwọn èèyàn wá pàdé ní Maidan ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́. Kabul ni wọ́n ti bí i, ní Afuganísítáànì, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Páṣíà tí wọ́n ń pè ní Dari. Tí ẹ bá jáde ní Kabul tí ẹ gba ìhà ìwọ̀ oòrùn, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi dé ìlú kan tó ń jẹ́ Maidan Shahr.